Kò Fẹ́ Kọ Ọkọ, Kò sì Fẹ́ Kú: Àṣẹ Ààbò Tí Obìnrin Lè Gbà ní Kóòtù

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni epo ti ń hó lórí iná lẹ́bàá títì ní Ìkirè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n rọ̀, ata, iyọ̀ àti epo pupa ni wọ́n fi ń ṣe dòdò Ìkirè, òórùn rẹ̀ sì máa ń dé imú èrò ọkọ̀ kí ojú wọn tó rí ẹni tó ń tà á. Bí ọkọ̀ tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ bá dẹsẹ̀ dúró, àwọn obìnrin á gbé igbá, wọ́n á sáré dé ojú fèrèsé.

Láàárọ̀ yìí, ọ̀kan nínú wọn kò sáré. Ó fi ìborùn bo apá òsì, ojú rẹ̀ kan sì wú. Wọ́n bi í léèrè, ó ní inú balùwẹ̀ lòun ti yọ̀ ṣubú. Àwọn tí wọ́n jọ ń tajà mọ̀ pé kì í ṣe balùwẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nígbà Iléyá, wọ́n sì tún gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tí àwọn ọmọ wọlé padà sílé ìwé.

Ìyá àgbà kan bá a fi òrí pa apá náà, ó ní, "Fara dà á nítorí àwọn ọmọ."

Nígbà tó ku òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo, ó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. "Mi ò ní kí wọ́n tì í mọ́lé. Mi ò sì ní mo fẹ́ kọ̀ ọ́. Kó ṣáà má lù mí mọ́."

Gbólóhùn yìí ló yẹ ká dúró lé lórí. Ẹ bi òṣìṣẹ́ wẹ́fíà, ẹ bi nọ́ọ̀sì, ẹ bi ìyàwó pásítọ̀ tí àwọn obìnrin máa ń sá lọ bá: bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Obìnrin náà kò wá ẹ̀wọ̀n fún ọkọ, kò sì wá ìkọ̀sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Ó ń wá ẹnì kan tí apá ọkọ kò ká, tí yóò sọ fún ọkọ náà pé ó tó gẹ́ẹ́. Òfin ní ohun tó ń ṣe èyí gan-an. Ohun tó ń dùn mí ni pé nínú gbogbo àwọn tí obìnrin náà máa ké lọ bá, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan dárúkọ rẹ̀ fún un.

Ohun tí adájọ́ lè pa láṣẹ

Àṣẹ ààbò là ń wí. Adájọ́ ló ń pa á, orí ìwé ló wà, orúkọ ẹni tó dè sì wà nínú rẹ̀. Adájọ́ lè pàṣẹ pé kí ọkùnrin má fọwọ́ kan obìnrin náà mọ́, kó má halẹ̀ mọ́ ọn, kó má sì rán ẹlòmíràn sí i. Ó lè ní kó má wọ ilé tí àwọn méjèèjì jọ ń gbé, tàbí yàrá kan nínú ilé náà, tàbí ibi tí obìnrin ti ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Bí ìbọn tàbí àdá bá wà nínú ọ̀rọ̀, ó lè ní kí ọlọ́pàá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sì lè ní kí ọkùnrin tó jáde kúrò nílé máa sanwó ilé náà lọ, kó tún fún obìnrin lówó tí yóò fi tọ́jú ara rẹ̀ àti àwọn ọmọ.

Kò tú ìgbéyàwó ká. Ọkùnrin tó bá pa àṣẹ náà mọ́ kò ní tìtorí rẹ̀ sun àtìmọ́lé. Ìgbà tó bá rú u ni ọ̀rọ̀ ń yí padà, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti kúrò láàárín òun àti ìyàwó rẹ̀ nìkan; àṣẹ kóòtù ló tẹ̀ lójú.

Òfin kò sì dúró lórí ẹ̀ṣẹ́ àti ìgbátí nìkan. Òfin àpapọ̀ tí wọ́n fi de ìwà ipá sí ènìyàn, èyí tí wọ́n ń pè ní VAPP, tó jáde ní 2015, ka èébú tó ń sọ ènìyàn dòfo mọ́ ìwà ipá inú ilé. Ó ka ìhàlẹ̀ mọ́ ọn, àti títọ ènìyàn lẹ́yìn káàkiri, àti bíba ẹrù rẹ̀ jẹ́, àti fífi owó ni ín lára. Obìnrin tí ọkọ ń gba owó ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ lálaalẹ́ wà nínú òfin náà.

Kò béèrè ìwé ìgbéyàwó. Ẹni tí wọ́n so yìgì fún, ẹni tí wọ́n dáná rẹ̀ tí wọn kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó kàn ń bá ọkùnrin gbé, ẹni tó bímọ fún un tí wọn kò jọ gbélé rí, àfẹ́sọ́nà, ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń lù: gbogbo wọn ni òfin náà bò. Ọkùnrin tí ìyàwó ń lù wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n pọ̀ ju bí àwa ọkùnrin ṣe ń jẹ́wọ́ rẹ̀ lọ.

Ibi tí ẹsẹ̀ ń kọ́kọ́ yà sí

Nílùú bí Ìkirè tàbí Apòmù, obìnrin kì í ti inú ilé jáde lọ sí kóòtù tààrà. Ìyá rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún. Lẹ́yìn náà ni ìyá ọkọ, àwọn àgbà ilé, ìmáàmù tàbí pásítọ̀. Téṣàn ló máa ń kẹ́yìn, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ṣàn.

Mi ò ní sọ pé àwọn ọ̀nà yìí kò wúlò. Lọ́jọ́ ìdána, lójú gbogbo ènìyàn, ẹbí ìyàwó máa ń sọ ọ́ pé àwọn kò fi ọmọ fún ẹnikẹ́ni lù. Bí ó bá sú yín, ẹ dá a padà fún wa. Láyé àwọn ìyá wa, ọ̀rọ̀ náà ní agbára. Ọkọ tó bá na ìyàwó lẹ́yìn ìkìlọ̀, àwọn àna á wá kó ọmọ wọn lọ. Ó di kí ọkùnrin náà mú àgbà dání, kó dọ̀bálẹ̀, kó jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú baba àti àwọn ẹ̀gbọ́n ìyàwó kí wọ́n tó jẹ́ kó mú un padà. Títí di ọjọ́ yẹn, kò gbọdọ̀ dé sàkáání rẹ̀. Kí ni kóòtù fẹ́ ṣe tó yàtọ̀ sí ìyẹn?

Ohun tó ti yàtọ̀ ni ilé tí à ń gbé. Nígbà náà, agboolé ọkọ àti agboolé ìyàwó kò jìnnà síra, ojú sì máa ń ti ènìyàn. Lónìí, tọkọtaya tó háyà yàrá kan àti pálọ̀ lẹ́bàá títì márosẹ̀ lè jẹ́ ọmọ Ìwó àti ọmọ Òkè-Ògùn. Ẹbí tó gba ẹ̀jẹ́ lọ́jọ́ ìdána wà níbi tí ariwo kò lè dé. Onílé kò fẹ́ wàhálà. Aládùúgbò ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, tí ilẹ̀ bá mọ́ wọ́n á tún jọ máa rẹ́rìn-ín. Bí ẹbí ìyàwó bá sì gbọ́, ohun tó ń kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn ni bí wọn yóò ṣe bọ́ ọmọ wọn àti ọmọ mẹ́ta tó kó bọ̀.

Téṣàn náà ní ìṣòro tirẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta òkìrìkà ròyìn pé nígbà tí òun sá dé téṣàn kan, ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ bi òun ni pé kí lòun fi ṣe ọkọ òun. Wọ́n pe ọkọ, wọ́n bá a wí, wọ́n ní kí wọ́n lọ parí rẹ̀ nílé. Alẹ́ ọjọ́ náà ló jìyà pé ó gbé ọkọ lọ bá ọlọ́pàá.

Bẹ́ẹ̀ òfin 2015 kọ iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ kedere. Wọ́n gbọ́dọ̀ ran ẹni tí wọ́n lù lọ́wọ́ láti fi ẹ̀sùn rẹ̀ kalẹ̀, kí wọ́n gbé e dé ọsibítù bó bá fara gbọgbẹ́, kí wọ́n bá a wá ibi tí yóò forí pamọ́ sí, kí wọ́n sì sọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un. Kò sí "ẹ lọ parí ẹ̀ nílé" nínú rẹ̀.

Ìwádìí ìlera ìdílé tí wọ́n ṣe jákèjádò Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nínú 100 obìnrin tó ti lọ́kọ rí, 36 ni ọkọ ti lù, tàbí tó ti fi ipá bá lò pọ̀, tàbí tó ti fi ọ̀rọ̀ àti ìwà dá lóró. Nínú àwọn obìnrin tí irú ìwà ipá yìí ti ṣẹlẹ̀ sí lára, ó lé ní ìdajì tí kò wá ìrànlọ́wọ́ kankan. Àwọn tó sì wá a, ọ̀dọ̀ ẹbí ni púpọ̀ nínú wọn lọ.

Láti Èkó dé Ọ̀ṣun

Òfin kò dé ilẹ̀ Yorùbá lẹ́ẹ̀kan náà. Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007, Èkìtì ṣe tirẹ̀ ní 2011. Ní ti ìjọba àpapọ̀, ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí àwọn obìnrin àti àwọn agbẹjọ́rò fi ń ti àbá náà lọ ti àbá náà bọ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kí Ààrẹ Goodluck Jonathan tó buwọ́ lù ú ní oṣù Karùn-ún 2015, nígbà tí ìjọba rẹ̀ ń kógbá wọlé. Abuja nìkan ni òfin náà sì dè. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní láti sọ ọ́ di tirẹ̀. Ògùn ṣe é ní 2017. Ọ̀ṣun ṣe é ní 2021, lábẹ́ Gómìnà Gboyega Oyetola.

Èyí túmọ̀ sí pé obìnrin tó bá ń gbé ní Ìkirè tàbí Apòmù lónìí kò nílò láti sá lọ sí Èkó kó tó rí òfin tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kí òfin wà lórí ìwé kò tíì gba ẹnikẹ́ni là. Òfin Èkó ti pé ọdún mẹ́rin nígbà tí wọ́n pa Titilayo Arowolo nínú ilé rẹ̀ ní Ìsọlọ̀ ní oṣù Kẹfà 2011. Ní 2014 ni kóòtù dájọ́ ikú fún ọkọ rẹ̀. Òfin Abuja ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún méje kó tó di pé Osinachi Nwachukwu, olórin ẹ̀mí tí ohùn rẹ̀ kún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wa, kú ní oṣù Kẹrin 2022. Ní oṣù Kẹrin 2025 ni adájọ́ ní kí wọ́n yẹgi fún ọkọ rẹ̀. Ìdájọ́ méjèèjì le, ó sì tọ́. Àmọ́ àwọn obìnrin méjèèjì ti kú. Nínú gbogbo ohun tí òfin lè ṣe fún obìnrin, àṣẹ ààbò ni èyí tó ń wá kí posí tó wọlé, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń gbà á

Agbẹjọ́rò kan tó ti bá àwọn obìnrin gba irú àṣẹ yìí ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: kí ló ṣẹlẹ̀, ọjọ́ wo, ta ló wà níbẹ̀, ìgbà mélòó ló ti ṣẹlẹ̀ rí. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀bẹ̀, obìnrin á sì búra sí i nínú àfidáfítì. Òfin àpapọ̀ dárúkọ kóòtù gíga fún un. Kóòtù gíga sì wà ní Ìkirè.

Kò di dandan kí obìnrin náà fúnra rẹ̀ lọ. Bó bá fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà, ọlọ́pàá lè béèrè fún un, òṣìṣẹ́ wẹ́fíà lè béèrè fún un, nọ́ọ̀sì tàbí tíṣà náà lè ṣe é. Bó bá jẹ́ ọmọdé ni, tàbí ẹni tó dákú, wọn kò ní dúró de ìfọwọ́sí. Mo rò pé ó yẹ kí gbogbo tíṣà ìjọba ìbílẹ̀ Ìrewọlé àti Ìṣọ̀kan mọ èyí, nítorí àwọn ni wọ́n ń rí ọmọ tó ń sùn ní kíláàsì nítorí pé wọn kò jẹ́ kó sùn lóru.

Bí ọ̀rọ̀ bá gbóná, adájọ́ lè pa àṣẹ fún ìgbà díẹ̀ láìtíì gbọ́ tẹnu ọkùnrin náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ìwé ránṣẹ́ sí i pé kó wá lọ́jọ́ báyìí wá sọ ìdí tí àṣẹ náà kò fi yẹ kó dúró. Ó ní ẹ̀tọ́ láti mú agbẹjọ́rò àti ẹlẹ́rìí tirẹ̀ wá. Bí ẹjọ́ rẹ̀ bá tọ́, àṣẹ á ká. Bí kò bá tọ́, á di èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, á sì máa ṣiṣẹ́ níbikíbi ní Nàìjíríà, kódà bí obìnrin náà bá kó lọ sí Iléṣà tàbí Kàdúná.

Ẹ̀rí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Nígbà tí obìnrin bá dé ọsibítù tó sì ní òun ṣubú ni, "ó ṣubú" ni nọ́ọ̀sì yóò kọ. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, nígbà tí ó bá fẹ́ sọ òtítọ́ ní kóòtù, ìwé ọsibítù yóò máa ta kò ó. Nọ́ọ̀sì kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní òun mọ ojú tí ẹ̀ṣẹ́ bà yàtọ̀ sí ojú tí ilẹ̀ bà, ṣùgbọ́n òun kò lè kọ ohun tí aláìsàn kò sọ. Nítorí náà, bó ti wù kí ojú tini tó, ibi tábìlì nọ́ọ̀sì yẹn ni kí obìnrin ti la ẹnu, kó ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó lù ú sílẹ̀.

Fọ́tò ọgbẹ́ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n yà á dára. Ohùn ìhàlẹ̀ tí ọkùnrin fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp dára. Kó má pa á rẹ́. Ẹ̀dà ẹ̀sùn tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní téṣàn dára, bí wọn kò tilẹ̀ ṣe nǹkan kan sí i. Aládùúgbò tó gbọ́ ariwo lè ṣe àfidáfítì tirẹ̀. Kó fi gbogbo rẹ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ ẹni tí kò sí nínú ilé náà.

Ní ti owó, agbẹjọ́rò kì í ṣọ̀fẹ́, dòdò kì í sì í sọni dolówó. Àjọ Legal Aid Council tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ wà fún ẹni tí kò lágbára. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, FIDA, náà máa ń gba irú ẹjọ́ yìí láìgba owó, Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn sì ń gba ẹ̀sùn. Ọ́fíìsì wẹ́fíà ìjọba ìbílẹ̀ ló sún mọ́ ènìyàn jù, òun sì ni ó yẹ kó mọ ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kù.

"A kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́"

Òwe yìí ni ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ káfíńtà fi dá ìbéèrè lóhùn. Ó ní òun kì í lu ìyàwó òun, ṣùgbọ́n bí ìyàwó bá lè gbé ọkọ lọ kóòtù, ìfẹ́ ti parí nílé náà. Bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó tì í fi kún un pé ìwé kò lè wá máa kọ́ òun bí òun ṣe máa ṣe olórí ilé òun.

Mo gbọ́ wọn, mi ò sì ka ìbẹ̀rù wọn sí asán. Ojú títì wà nínú kí béílíìfù wá ka orúkọ ènìyàn níwájú ilé. Àmọ́ ọ̀rẹ́ tí òwe náà ń sọ ti bàjẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rántí kóòtù. Ó bàjẹ́ lọ́jọ́ tí ọmọ ọdún mẹ́fà dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń wo bí wọ́n ṣe ń fi ìgbànú na ìyá rẹ̀. Ọkùnrin tó fẹ́ tún un ṣe ṣì ní àyè láti tún un ṣe lábẹ́ àṣẹ ààbò. Lábẹ́ ìkọ̀sílẹ̀, àyè náà ti tán.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ obìnrin wa mọ̀ ni kóòtù ìbílẹ̀, bí irú èyí tó wà ní Mápó n'Ìbàdàn, tí ìwé ìròyìn máa ń gbé ẹjọ́ rẹ̀ jáde. Níbẹ̀, adájọ́ máa ń tú wọn ká, á sì kìlọ̀ fún ọkùnrin pé kó má yọ obìnrin náà lẹ́nu mọ́. Ìkìlọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìgbà tí ilé ti tú ló dé. Obìnrin tí kò tíì fẹ́ kí ilé tú kò rí nǹkan gbà níbẹ̀.

Ibi tí ìwé kò tó

Mi ò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ìwé kì í dá ọwọ́ dúró. Ní ìlú Castle Rock, ní ìpínlẹ̀ Colorado l'Amẹ́ríkà, Jessica Gonzales ní àṣẹ kóòtù lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ rẹ̀ wá kó àwọn ọmọbìnrin wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ ní oṣù Kẹfà 1999. Ó pe ọlọ́pàá léraléra, wọ́n ń sọ fún un pé kó ní sùúrù. Ó gbé ẹsẹ̀ lọ bá wọn ní téṣàn lóru. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọkùnrin náà wá ń yìnbọn lu téṣàn, àwọn ọlọ́pàá pa á, wọ́n sì bá òkú àwọn ọmọ náà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ní 2005, kóòtù tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́, 7 sí 2, pé obìnrin náà kò lè torí pé ọlọ́pàá kò mú àṣẹ náà ṣẹ pe ìlú náà lẹ́jọ́.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí níbi tí ọlọ́pàá ti ní ọkọ̀, epo àti tẹlifóònù nìyẹn. Níhìn-ín, ilẹ̀kùn kóòtù fúnra rẹ̀ lè tì. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin 2021, àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù daṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà nítorí òmìnira owó ilé ẹjọ́, ó sì di oṣù Kẹfà kí wọ́n tó padà. Ẹ̀tọ́ ni wọ́n ń jà fún. Àmọ́ fún oṣù méjì, obìnrin tí wọ́n ń lù kò ní ibi tí yóò gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lọ.

Nítorí èyí ni agbẹjọ́rò náà fi ní àṣẹ tí obìnrin ká sínú àpótí kò wúlò. Ẹ̀dà rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ DPO, kí wọ́n sì buwọ́ lù ú pé àwọn rí i. Kó dé ọwọ́ onílé, kí ó má baà ṣílẹ̀kùn fún ọkùnrin náà lóru. Kó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ìwé àwọn ọmọ, àti ìyálọ́jà níbi tí obìnrin ti ń tajà. Bí ó bá sì ti sá lọ sí ibòmíràn, kó rí i pé àdírẹ́sì tuntun rẹ̀ kò hàn nínú ìwé tí wọ́n máa fún ọkùnrin náà.

Ohun tí Ìkirè àti Apòmù lè ṣe

Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ń dé ààfin Akirè, ó ń dé ààfin Alápòmù, ó ń dé mọ́ṣáláṣí àti ilé pásítọ̀, yóò sì máa dé ibẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni kò ní kí àwọn àgbà ṣíwọ́ ìlàjà. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí àwọn àgbà tó ń bá ọkọ wí lójú ìyàwó tún yí sí ìyàwó náà kí wọ́n sọ fún un pé, bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, ọ̀nà kóòtù ṣí sílẹ̀, àwọn yóò sì jẹ́rìí pé ó ti kọ́kọ́ wá bá àwọn. Ọkùnrin tó bá gbọ́ èyí lẹ́nu àgbà ìlú rẹ̀ yóò ro ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kó tó sùn.

Kí ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì sì kọ ọ́ sára ògiri ọsibítù, sára ògiri ọjà, ní Yorùbá, kó má gùn: Bí wọ́n bá ń lù ọ́ nílé, o lè gba àṣẹ ní kóòtù láìkọ ọkọ rẹ; béèrè ní ọ́fíìsì wẹ́fíà. Kí wọ́n wá fi òṣìṣẹ́ kan tó mọ̀wé àfidáfítì kọ jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, láti àárọ̀ títí tí àwọn aláṣálẹ́ yóò fi pàtẹ.